Ìyá Kò Gbàgbé

Kò sí ẹni tó ń lo fóònù lónìí tí kò tíì rí gbólóhùn yìí rí: "Orúkọ tàbí password yín kò tọ̀nà." Bó bá ti jáde báyìí, ara wa la kọ́kọ́ máa ń fura sí. A ó tún un tẹ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. A ó ní bóyá ìka wa ló yà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀kùn á tì pa, wọ́n á ní ká padà wá tó bá di wákàtí kan sí i. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹ̀rọ ló ṣì í. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, àbí? Ènìyàn ló ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, ẹ sì máa ń gbé fóònù tó já sómi wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Kì í ṣe iṣẹ́ mi nìyẹn o. Ohun tí mò ń ṣe ní Kàdúná níbí ni pé mo máa ń yẹ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì wò kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tàbí nígbà tó bá ti dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó jọ iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí wọ́n tó bù ú fún àlejò.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà nílùú yìí tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn Háúsá wà níbẹ̀, àwọn Íbò wà níbẹ̀, àwọn Gbágyi wà níbẹ̀, àwa Yorùbá náà sì wà níbẹ̀. Ìwé ńlá kan ni wọ́n ti ń kọ owó kálukú sí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ayé ti ń lọ, wọ́n bá san owó fún ilé iṣẹ́ kan pé kó ṣe ìkànnì fún àwọn. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ní, tó fẹ́ yáwó, tàbí tó fẹ́ gba owó rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ gbà. Wọ́n ti ìwé ńlá náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí, Ìyá Olùkọ́ ni n ó máa pè wọ́n. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ni kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, títí dòní ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé tí wọn kò gbé ilẹ̀ Yorùbá rí ní bí a ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ "oko" síwájú wọn láìfi àmì sí i yóò ṣàlàyé bóyá ọkọ ilé ni, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Awọ funfun ti ń bo ojú ọ̀tún wọn, dókítà sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn. Owó rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà. Gbígbà á jáde ló kù.

Wọ́n tẹ password wọn. Kò tọ̀nà. Wọ́n tún un tẹ̀. Kò tọ̀nà. Ọmọ wọn bá wọn tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, ọmọdékùnrin tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ ti gbàgbé ni. Ó máa ń ṣe àwọn àgbà bẹ́ẹ̀." Wọ́n bá wọn yí password náà padà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó sì ṣí níbẹ̀. Inú wọn dùn. Nígbà tí wọ́n délé, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kò tún ṣí mọ́.

Èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ. Wọ́n rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọmọ mi, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ tí ọpọlọ bá ti ń lọ?" Ọ̀rẹ́ wọn kan ti ṣàìsàn ìgbàgbé kó tó kú, ìgbàgbé kékeré sì ni tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń dán ara wọn wò lóru, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ sọ ṣe lè ba àgbàlagbà lọ́kàn jẹ́.

Àwọn ẹlòmíì náà ti ń ráhùn. Nígbà tí alága ẹgbẹ́ pè mí sí i, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di nǹkan míì. Wọ́n ní àwọn Yorùbá àti Íbò nìkan ni ìkànnì náà ń tì síta, àwọn Háúsá ń wọlé. Háúsá sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Àwọn kan ti ń sọ pé Mallam náà ló ń tì í mọ́ àwọn, pé wọ́n fẹ́ jẹ owó àwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà. A kì í fi í ṣeré.

Ilé iṣẹ́ tó kọ ìkànnì náà fèsì ní tiwọn pé, "A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ìdánwò wa ló yege. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò ó ni ìṣòro wà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdánwò tí wọ́n ń sọ. Kì í ṣe èèyàn ló ń jókòó tẹ gbogbo bọ́tìnì lójoojúmọ́. Wọn a kọ ìlànà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà pé: ṣí ìkànnì, tẹ orúkọ báyìí, tẹ password báyìí, tẹ bọ́tìnì, kí o wò ó bóyá o rí "Ẹ káàbọ̀." Tó bá rí i, á fi àwọ̀ ewé hàn. Tí kò bá rí i, á fi pupa hàn. Ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ni Selenium, tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ThoughtWorks ní Chicago. Irinṣẹ́ tó dára ni. Lóru, nígbà tí gbogbo wa bá sùn, á máa wọlé, á máa jáde, kò ní rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní kó yẹ̀ wò nìkan ló ń yẹ̀ wò. Mo ní kí wọ́n fi àwọn ìdánwò náà hàn mí. Ó pọ̀ lóòótọ́, àwọ̀ ewé sì ni gbogbo rẹ̀. Mo wá wo ẹni tí ìdánwò náà ń wọlé bí ẹni pé òun ni. Orúkọ rẹ̀ ni "test". Password rẹ̀ ni "Password123". Ẹni kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹni náà kò lórílẹ̀, kò ní èdè, kò sì ní àmì ohùn kankan lórí orúkọ.

Mo bá lọ bá àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò béèrè password ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹni tó bá béèrè password yín, bó ti wù kó mọ kọ̀ǹpútà tó, kò yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi wọ́n. Àkọ́kọ́, orí ẹ̀rọ wo lẹ ti ṣe password náà? Èkejì, orí ẹ̀rọ wo ni kò ti ṣí? Ẹ̀kẹta, ṣé lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́ wà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn wọn bára mu. Gbogbo wọn ló ṣe password lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, orí fóònù ni kò sì ti ṣí. Gbogbo wọn ló ní àmì nínú rẹ̀. Ìyá Olùkọ́ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ìbéèrè ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Báwo ni n ó ṣe kọ Yorùbá láìfi àmì sí i?" Íbò kan tó ń ta páàtì mọ́tò ti fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe é, ó sì fi àmì sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n Alhájì kan sọ fún mi pé òun náà ní lẹ́tà Háúsá nínú tòun, ìyẹn ɗ tó ní ìwọ̀ lórí, òun sì ń wọlé láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ Alhájì yìí ló la ojú mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Unicode ló fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ɗ ti Háúsá ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 0257. Kò sí ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà to ɗ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ tiwa, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè lo nọ́ńbà kan ṣoṣo, 1ECD, tó jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ sì lè kọ o lásán, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 006F, kẹ́ ẹ wá fi àmì abẹ́, 0323, tẹ̀ lé e. Bó ṣe rí fún ẹ àti ṣ náà nìyẹn, àti fún ị àti ụ ti Íbò. Tẹ́ ẹ bá tún wá fi àmì ohùn sí i, bíi ọ́, ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti to ó pọ̀. Lójú èèyàn, ọ kan náà ni. Ẹ kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ bẹ́ ẹ tilẹ̀ fi awò ńlá wò ó. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kíbọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ń kọ lẹ́tà sọ́tọ̀, ó ń kọ àmì sọ́tọ̀. Fóònù Ìyá ń kọ méjèèjì papọ̀. Ohun kan náà ni ọwọ́ Ìyá tẹ̀ níbi méjèèjì.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ fi lè ti ilẹ̀kùn? Nítorí pé ìkànnì tó dára kì í tọ́jú password bó ṣe rí. Ńṣe ló ń lọ̀ ọ́ bí a ṣe ń lọ èlùbọ́. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń tọ́jú, kí olè tó bá jí i má lè rí iṣu inú rẹ̀, torí a kì í sọ èlùbọ́ padà di iṣu. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, á lọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, á fi ìyẹ̀fun tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Tí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n lọ̀, ìyẹ̀fun tó máa jáde á yàtọ̀ pátápátá. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Kò sí "ó fẹ́ jọ ọ́" lọ́dọ̀ rẹ̀. Á kàn ní kò tọ̀nà.

Mo jókòó, mo kọ ìdánwò tuntun. Mo dá ẹni tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo fún un ní password Yorùbá tó ní àmì dáadáa. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi ọ̀nà kan ṣí àkáǹtì náà, kó sì fi ọ̀nà kejì wọlé. Pupa. Mo fi lẹ́tà Íbò dán an wò. Pupa. Mo fi ɗ ti Háúsá dán an wò. Àwọ̀ ewé. Mo gbé e tọ alága lọ, mo ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn tó ń bínú jọ. Mallam akọ̀wé jókòó láàrin wọn. Mo ṣí i níwájú wọn, wọ́n fojú ara wọn rí i pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilé náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, baba kan tó ti sọ̀rọ̀ jù lọ dìde, ó lọ bọ Mallam lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin tó kọ ibi ìwọlé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ Yorùbá ni òun fúnra rẹ̀, ọ méjì ló wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì sórí kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀. Ó ní, "Mi ò rò ó pé ẹnì kan lè ṣe bẹ́ẹ̀." Mo gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀ o. Nígbà tí a fi ìdánwò tuntun náà mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀, tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́ lóru, àwọn ti tẹ́lẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Lóru òní àwọ̀ ewé, lóru ọ̀la pupa. Ilé iṣẹ́ náà ní ká yọ tuntun kúrò, pé òun ló ń da nǹkan rú. Mo ní rárá. Ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ méjì, ìdí rẹ̀ là ń wá. A kì í kàn pa á lẹ́nu mọ́. A wá a títí, a sì rí i. Ìdánwò kan wà tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ password tí kò tọ̀nà lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó lè rí i pé ilẹ̀kùn ń tì bó ṣe yẹ. Àkáǹtì "test" kan náà yẹn ló ń lò. Àwọn ìdánwò yòókù tó bá bọ́ sákòókò yẹn á bá ilẹ̀kùn ní títì. Bí iṣẹ́ bá ṣe yá sí lóru ni wọ́n fi ń pàdé tàbí kí wọ́n máà pàdé. A fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀, ségesège náà sì dáwọ́ dúró.

Àtúnṣe ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò le púpọ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó lọ password, á kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ di ìrísí kan ṣoṣo, láìka ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ sí. Ní ti password àtijọ́ tó ti di ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀, á gbìyànjú àwọn ọ̀nà ìkọ̀wé yòókù náà, èyí tó bá bára mu á ṣílẹ̀kùn, á sì fi ìyẹ̀fun tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní láti yí password padà. Ìdánwò kan ṣẹ́kù tó ṣì pupa: àwọn kan lára wa máa ń fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótóó, nọ́ńbà ìlà náà sì jẹ́ 0329. Unicode kò ka ìyẹn àti tóótóó sí ọ̀kan náà, nítorí náà a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sí i pé kí ibi ìwọlé náà kà wọ́n sí ọ̀kan. Ó di àwọ̀ ewé.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ ní ọdún 2017 pé ó yẹ kí ìkànnì tó bá ń gba irú lẹ́tà báyìí nínú password sọ wọ́n di ìrísí kan kó tó lọ̀ wọ́n. Ìwé kan náà ló ní kí wọ́n yé fi dandan mú àwọn èèyàn yí password padà ní gbogbo ìgbà láìnídìí, pé gígùn rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ọgbọ́n náà wà nílẹ̀. Ẹni tó máa bèèrè rẹ̀ ni kò sí.

Mo lọ sílé Ìyá Olùkọ́ lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n tẹ password wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó sì ṣí. Wọn kò wo iye owó tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n ní, "Nítorí náà, n ò gbàgbé." Mo ní, "Ẹ ò gbàgbé, Mà." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí dókítà dá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ sí i fún ilé wa. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé password kò tọ̀nà, ẹ tẹ àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ṣe é kó tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀rọ wo ni, aago mélòó ni, gbólóhùn wo gan-an ló jáde. Ọ̀pọ̀ ìkànnì kì í sọ bóyá orúkọ ló ṣì tàbí password, torí kí olè má baà fi mọ ẹni tó ní àkáǹtì níbẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó dá yín lójú pé password ni. Nọ́ńbà tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ báǹkì. Tí àgbàlagbà bá sì sọ fún yín pé òun kò gbàgbé, ẹ kọ́kọ́ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ pọ̀ báyìí nínú ìjọ, inú mi sì dùn sí i. Ẹnì kan máa kọ́ yín pé tí gbogbo ìdánwò bá ti di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ti parí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ fi orúkọ ìyá yín àgbà sí i, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi ti aládùúgbò yín sí i, Háúsá ni o, Íbò ni o. Tó bá wá di àwọ̀ ewé, ẹ lè sùn.